Ohun Tó Ṣe Mí Nínú Ṣọ́ọ̀ṣì Orí Òkè

Bàbá mi àtàtà,

Ó pẹ́ tí mo ti ń gbèrò láti kọ̀wé yìí sí yín, ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo jókòó sídìí tábìlì nínú ilé ìdáná wa ní Lanham, l'Amẹ́ríkà níbí, aago mẹ́ta ọ̀sán ti fẹ́ẹ́ lù, mo sì ń gbọ́ bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé bó ṣe ń dúró níkòríta àdúgbò wa. Bíréèkì rẹ̀ á mí fùùù, ilẹ̀kùn á ṣí, àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ọdún mọ́kànlá gbáko lèmi náà fi wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò wà á mọ́. Mo ti dá kọ́kọ́rọ́ padà fún wọn ní Forestville, níbi tí a ń gbé ọkọ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún yín, torí ọ̀rọ̀ náà kàn yín.

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni yín nígbà tí ẹ kú. Ọdún yìí lèmi náà pé iye ọdún yẹn. Nígbà tí ọjọ́ ìbí mi ń bọ̀, mo sọ fún Bọ̀dé, ọkọ mi, pé mi ò fẹ́ kéèkì, mi ò fẹ́ àlejò. Ẹ ò mọ Bọ̀dé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, ó sì máa ń kọrin sínú imú tó bá ń ṣiṣẹ́, bíi tiyín. Ó rò pé mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ ọjọ́ orí mi ni. Kò mọ̀ pé ojoojúmọ́ ni mo ń ka ọjọ́, tí mo ń wò ó bóyá màá kọjá ibi tí ẹ dúró sí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí bó ṣe ṣe yín. Tí mo bá gbé àpò ìrẹsì látinú ọkọ̀ wọlé, àyà mi á fún pọ̀ bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀já dì í. Tí mo bá dúró díẹ̀, á lọ. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù. Mo ní òtútù ni. Nínú oṣù Èrèlé, mo ń kó àwọn ọmọ padà sílé lórí Beltway, títì ńlá tó yí Washington ká, ojú mi sì ṣàdédé ṣókùnkùn. Kò ju kéèyàn ka ení, èjì, ẹ̀ta lọ. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ padà, ọwọ́ mi ṣì wà lórí sítíárìn, ọmọ tó lé ní ogójì sì ń kọrin lẹ́yìn mi, wọn ò mọ nǹkan kan. Mo ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mo gbé rédíò, mo sọ fún ọ́fíìsì pé ẹ́ńjìnnì ń gbóná. Wọ́n fi bọ́ọ̀sì mìíràn ránṣẹ́. Mẹkáníìkì yẹ tèmi wò, kò rí ohun tó ṣe é, ó ní kí n máa wà á lọ.

Bàbá, mo sì wà á. Lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta, odindi oṣù kan ó lé. Mo mọ̀ pé tí dókítà bá fi lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkàn mi ò dáa, ìwé ìwakọ̀ mi ti lọ nìyẹn, mi ò sì mọ iṣẹ́ míì tí mo lè ṣe. Ohun tí mo ń sọ fún ara mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ ni mo kó sẹ́yìn. Títí di báyìí, tí mo bá ti dijú, mo máa ń gbọ́ orin tí wọ́n ń kọ.

Nígbà tí iléèwé gba ìsinmi Àjíǹde, mo wọkọ̀ òfúrufú lọ sílẹ̀ Faransé lọ wo Moyọ̀. Moyọ̀ lọmọ wa, òun nìkan la bí. Ọmọ ogún ọdún ni, ó ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní yunifásítì kan tí kò jìnnà sílé wa, wọ́n sì rán wọn lọ sọ́hùn-ún fún oṣù mẹ́rin kí wọ́n lọ kọ́ nípa àwọn ilé àtijọ́. Gbogbo ìgbà tó bá pè mí ló ń sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ó ní tí mi ò bá rí i, mi ò tíì rí nǹkan kan láyé.

Ìlú kékeré kan ni, orí òkè ló wà, odi òkúta yí i ká látìgbà tí àwọn ọba wọn ṣì ń fi ẹṣin jagun. Ọ̀nà inú rẹ̀ tóóró débi pé tí èèyàn méjì bá pàdé, ẹnì kan ní láti fẹ̀gbẹ́ kan ògiri. Mọ́tò kankan kò lè dé òkè. Àtẹ̀gùn òkúta lẹ máa gùn, ó yí síbí, ó yí sọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn sì ti jẹ àárín rẹ̀ títí ó fi jin kòtò bí àwo. Ṣọ́ọ̀ṣì náà ló wà ní góńgó òkè. Mo gbójú sókè wò ó láti ìsàlẹ̀, àyà mi já. Ó dúdú, ó ga, orí rẹ̀ rí ṣóńṣó-ṣóńṣó, bí ẹni pé ó fẹ́ wó lù wá. Gọ́tíìkì ni Moyọ̀ pe irú ilé bẹ́ẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe na apá òkúta láti ìta kí ògiri má baà ya. Inú rẹ̀ ń dùn. Èmi ń wo àtẹ̀gùn.

A bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. A ò tíì rìn jìnnà tó fi dé. Àyà mi fún, èémí mi kúrú, òógùn tútù bò mí lọ́rùn. Mo yọ fóònù mi jáde, mo ní mo fẹ́ ya fọ́tò. Moyọ̀ dúró dè mí. A tún gùn díẹ̀, mo tún ya fọ́tò. Mo ya ti ilẹ̀kùn, mo ya ti ológbò, mo ya ti ògiri lásán. Ibẹ̀ lẹ ti wá sí mi lọ́kàn, Bàbá, ẹ sì kọ̀, ẹ ò lọ mọ́.

Mo rántí òkè ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Íbàdàn, lọ́jọ́ Sátidé tí ẹ bá ń lọ fi orin kọ́ra pẹ̀lú ẹgbẹ́ akọrin, tí èmi á gbé ìwé orin yín dání. Ẹ máa ń dúró lábẹ́ igi fúrúùtù tó wà ní agbedeméjì òkè, ẹ á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ á ní okùn bàtà yín tú. Okùn náà ò tú. Mo máa ń rí i pé ó so pinpin. Ẹ á fúnra yín tú u, ẹ á tún un so, ẹ á máa mí hẹlẹ-hẹlẹ, ọwọ́ yín kan á wà láyà. Lọ́jọ́ kan mo bi yín pé kí ló dé. Ẹ gbójú sókè wò mí, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Àyà ló ń dùn mí díẹ̀. Má sọ fún màmá rẹ." Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí. Ẹ ra gúgúrú fún mi nígbà tí a ń padà sílé. Mo jẹ ẹ́, mi ò sì sọ.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìgbà yẹn, ẹ wọ balùwẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ẹ ò sì jáde. Èmi ni mo kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn. Ǹjẹ́ ẹ gbọ́ mi? Mo ti ń fẹ́ bi yín láti ọjọ́ yẹn.

A dé òkè ṣá. Inú ṣọ́ọ̀ṣì náà tutù bí inú kànga. Ó ga débi pé mo ní láti fà sẹ́yìn kí n tó rí òrùlé rẹ̀, òkúta ni wọ́n sì fi ṣe gbogbo òrùlé ọ̀hún. Mo ń rò ó pé kí ló gbé e dúró. Ìyá arúgbó kan tó ń tọ́jú ibẹ̀ jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ súwẹ́tà méjì lé ara wọn, ó ń ta àbẹ́là. Ó wò mí, ó tún mi wò. Mo rò pé òun ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ara mi ò yá.

Moyọ̀ fà mí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kan, ó fi ibi tí ògiri ti lanu hàn mí. Wọ́n lẹ díńgí tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ojú ibẹ̀. Ó ní tí ògiri bá yẹ̀ báyìí, bó ti wù kó kéré tó, díńgí náà á fọ́, wọ́n á sì tètè mọ̀. Mo bi í bóyá ó ti fọ́ rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì, Mọ́mì." Kíá ni mo kúrò níbẹ̀.

Ilé agogo ló kù. Ó ga ju ṣọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ lọ, Moyọ̀ sì ti gba tíkẹ́ẹ̀tì fún àwa méjèèjì kí n tó kúrò ní Amẹ́ríkà. Ó yẹ kí n sọ pé mi ò lè gùn ún. Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ẹnu mi kọ̀, mo tẹ̀ lé e. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ lọ́ bí ìkarahun ìgbín, kò gbà ju ẹnì kan lọ, kò sí iná, àfi ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé níbi kan àti òmíràn. Moyọ̀ wà níwájú. Ohùn rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń jìnnà sí mi. Tọkọtaya kan tí mi ò gbọ́ èdè wọn ń bọ̀ lẹ́yìn. Àárín wọn ni ìrora náà ti mú mi. Kì í ṣe èyí tí mo ti mọ̀. Èyí wọlé bí ẹni tó ti ọwọ́ bọ àyà mi, ó gba ọrùn lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó gba apá òsì sọ̀kalẹ̀. Ojú mi ṣókùnkùn. Mo di ògiri mú, ògiri náà ń yọ̀. Mi ò lè lọ sókè, mi ò lè padà, àwọn tó wà lẹ́yìn ń bá mi sọ̀rọ̀, mi ò lè dá wọn lóhùn. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Mo ní ibi tí màá kú sí nìyí, nínú ihò òkúta, nílùú tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ orúkọ mi, ọmọ mi á sì wá bá mi níbẹ̀ bí mo ṣe wá bá yín. Ẹ̀rù tó bà mí níbẹ̀, mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀ tán. Mo ń tọ́ ọ wò lẹ́nu, ó dà bí irin.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Moyọ̀ tó ń sáré bọ̀ látòkè. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Mọ́mì, kí ló ń ṣe yín?"

"Ó rẹ̀ mí ni. Jẹ́ kí n sinmi."

"Irọ́ ni. Ẹ ń di àyà yín mú."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ wá gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu mi, Bàbá. Mo ní, "Ó ti ń ṣe mí tipẹ́. Má sọ fún dádì rẹ."

Mo gbọ́ ọ bó ṣe ń jáde, ara mi sì tutù ju òkúta tí mo jókòó lé lọ.

Moyọ̀ wò mí. Omi ti dé ojú rẹ̀. "Rárá, Mọ́mì. Mi ò lè ṣèlérí yẹn. O lè kú! Ṣé o gbọ́ mi? O lè kú!"

Yorùbá rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ já gaara, tí ẹ̀rù bá sì bà á, ó máa ń gbàgbé láti fi ẹ bá àgbà sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ míì, màá ti bá a wí. Ó yíjú sísàlẹ̀, ó fi Gẹ̀ẹ́sì kígbe, ó fi Faransé kígbe, pé kí wọ́n pe dókítà. Ọkùnrin ẹ̀yìn mi sáré sọ̀kalẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dúró, ó gbé àpò rẹ̀ sí mi lẹ́yìn kí n fi rọ̀gbọ̀kú, ó sì ń fọwọ́ pa mí lórí.

Àwọn panápaná ló wá, àwọn ló máa ń gbé aláìsàn níbẹ̀. Ọkùnrin mẹ́rin dè mí mọ́ àga, wọ́n gbé mi sọ̀kalẹ̀ lórí gbogbo àtẹ̀gùn tí mo ti ya fọ́tò rẹ̀. Àwọn obìnrin ń yọjú lójú fèrèsé. Moyọ̀ ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, fóònù wà létí rẹ̀, ó ń ròyìn ohun gbogbo fún Bọ̀dé tó ń múra iṣẹ́ lọ́wọ́ ní Lanham. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Ìyá arúgbó alábẹ́là gbé pọ́ọ̀sì mi tẹ̀ lé wa títí dé ìsàlẹ̀, ó fi í sí mi lẹ́sẹ̀, ó sì yíjú padà sí òkè.

Dókítà obìnrin kan ló ya àwòrán ọkàn mi nílé ìwòsàn, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní ilẹ̀kùn kékeré kan wà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde nínú ọkàn. Abala mẹ́ta ló yẹ kó ní. Méjì ni wọ́n fi bí mi, wọ́n sì ti le koko, wọn ò ṣí dáadáa mọ́. Ó bi mí bóyá ẹnì kan nínú ẹbí wa ti ní irú rẹ̀. Mo ní, "Bàbá mi." Kò sẹ́ni tó yẹ̀ yín wò rí, mi ò ní ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo fi tọ́jú ọ̀rọ̀ yẹn sínú, ẹni tí mi ò mọ̀ rí ni mo wá sọ ọ́ fún.

Bọ̀dé dé lọ́jọ́ kejì. Mo ti ń bẹ̀rù ojú rẹ̀. Kò bá mi jà. Ó jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó sì di àtẹ́lẹsẹ̀ mi mú lábẹ́ aṣọ.

Nígbà tí wọ́n gbà kí n padà sílé, mo lọ bá ọ̀gá wa obìnrin ní Forestville. Mo sọ ti ọjọ́ Beltway fún un, àti irọ́ tí mo pa mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó na ọwọ́, mo kó kọ́kọ́rọ́ sí i. Ó ní, "Ọmọ ọmọ mi wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn." Ì bá sàn kó bú mi.

Lẹ́yìn náà ni mo pe Màmá n'Íbàdàn. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, etí wọn ṣì dá ṣáṣá. Mo sọ ti igi fúrúùtù fún wọn, ti okùn bàtà, ti gúgúrú. Mo ń sunkún, mo ní kí wọ́n dárí jì mí.

"Ṣé ìwọ náà mọ̀ ni?" Ohun tí Màmá sọ nìyẹn.

"Kí lẹ wí, Màmá?"

"Ó ti sọ fún mi ṣáájú. Ó ní kí n má jẹ́ kí o gbọ́, kí àyà rẹ má baà já. Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé ká lọ sílé ìwòsàn. Mo kúnlẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ kan ó bú sẹ́kún bí ọmọdé, ó ní bàbá òun wọ ilé ìwòsàn, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé jáde. Ẹ̀rù ń bà á, ọmọ mi. Ẹ̀rù ń ba bàbá rẹ gan-an."

Bàbá, inú ilé kan náà ni èmi àti Màmá wà. A jọ ń jẹun, a jọ ń ṣa ẹ̀wà, oníkálukú ń fi ọ̀rọ̀ kan náà pamọ́ fún ẹnì kejì. Ká ní a ti la ẹnu sọ ọ́, ṣé àwa méjèèjì ò bá ti fà yín lọ? Ṣé ẹ̀ bá ti gbà? Mi ò rí ẹkún yín rí. Mo rò pé ẹ ò mọ ẹ̀rù ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Wọ́n á la àyà mi, wọ́n á dá ọkàn mi dúró, ẹ̀rọ á máa ṣiṣẹ́ rẹ̀, wọ́n á fi ilẹ̀kùn tuntun sí i. Dókítà tó máa ṣe é ní òun ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọkàn tí wọ́n bá dá dúró, ta ló ń sọ fún un pé kó tún bẹ̀rẹ̀?

Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Wọ́n ní kí Moyọ̀ náà lọ ṣe àyẹ̀wò, torí àrùn náà máa ń ti ara òbí wọ ara ọmọ. Ó ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ti padà sílé. Àná ni èsì rẹ̀ dé. Ó wá bá èmi àti Bọ̀dé ní pálọ̀, ó ti pe Màmá sórí fídíò kí àwọn náà lè gbọ́. Ó ní, "Méjì ni tèmi náà. Kò tíì le. Wọ́n á máa yẹ̀ mí wò lọ́dọọdún." Ó jókòó sí àárín wa. "Ẹ̀rù ń bà mí." Bọ̀dé ní ẹ̀rù ń ba òun náà. Màmá ní ẹ̀rù ń ba àwọn náà n'Íbàdàn. Èmi di ọwọ́ Moyọ̀ mú. A jókòó bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó dìde lọ tan iná títí ilẹ̀ fi ṣú.

Kò sẹ́ni tó bá yín jókòó bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ó dùn mí.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni màá rí tí mo bá lajú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí n dá nìkan wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ojú Bọ̀dé àti ti Moyọ̀ ni, ẹ má bínú sí mi, ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i ká tó ríra.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín ju bó ṣe sọ fún yín rí lọ.